Ta Ló Yẹ Èyí Tó Wà Lọ́wọ́ Yín Wò?

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, èyí tí báǹkì ń rà fún òṣìṣẹ́, tí ilé iṣẹ́ ìjọba ń rà fún ọ̀gá, tí lọ́yà àti akáńtáǹtì ń gbé kiri. Orí síkúrù kan ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Lenovo tó ń ṣe ThinkPad kéde pé kí ẹni tó bá ní ThinkPad X1 Carbon ìran karùn-ún, tí wọ́n ṣe láàárín oṣù Kejìlá 2016 sí oṣù Kẹwàá 2017, má lò ó mọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Amẹ́ríkà, ó tó nǹkan bí 78,000. Ti Kánádà tún jẹ́ 5,500. Kí ló fà á? Síkúrù kan tí wọn kò dè mọ́lẹ̀ nínú àwọn kan lára wọn ni. Ọwọ́ tó yẹ kó dè é kò dè é, ojú tó yẹ kó rí i pé wọn kò dè é kò sì rí i.

Ẹ jẹ́ ká tú ìdí láptọ́ọ̀pù yẹn wò díẹ̀. Bátìrì inú rẹ̀ kì í ṣe irú ti tọ́ọ̀ṣì tó ní agolo irin lára. Pẹlẹbẹ ni, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n sì fi dì í. Ìpele lórí ìpele ló wà nínú rẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín kan ni kò jẹ́ kí ìpele kan fara kan èkejì. Láptọ́ọ̀pù náà fúnra rẹ̀ kò nípọn, kò wúwo ju kìlógíráàmù kan lé díẹ̀ lọ, nítorí náà àyè kò sí láàárín bátìrì àti ìdérí ìdí rẹ̀. Síkúrù tó bá já sí ibẹ̀ kò níbi tí yóò sá sí. Bí ẹ bá gbé e sínú báàgì, á yí. Bí ẹ bá gbé e lé itan, á tẹ bátìrì. Lọ́jọ́ tó bá lu awọ yẹn, tí àwọn ìpele inú bá fara kan ara wọn, gbogbo agbára tó wà nínú bátìrì náà á fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ooru rẹ̀ á sì di iná. Ìdí rèé tí wọ́n fi ní kí àwọn èèyàn má lò ó rárá.

X1 Carbon kì í ṣe ọjà yẹpẹrẹ. Láptọ́ọ̀pù àwọn ọ̀gá ni. Láti ọdún 1992 ni IBM ti ń ta ThinkPad, Lenovo sì ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn ní ọdún 2005. Orúkọ yẹn làwọn èèyàn ń rà, wọ́n sì ní ìdí tí wọ́n fi ń rà á, torí iṣẹ́ tó dára ló sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ti wù kó tóbi tó, ẹnì kan ló máa dè síkúrù yẹn ní ọjọ́ kan pàtó, ní àsìkò tí iṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n ń lé iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe jáde.

Kí wá ni owó orí láptọ́ọ̀pù ọ́fíìsì wà fún? Ẹ mú ThinkPad, ẹ mú Latitude ti Dell, ẹ mú EliteBook ti HP. Ìlérí tí wọ́n ń ṣe ni pé ara rẹ̀ le, pé wọ́n ti ṣí i, wọ́n ti pa á dé láìmọye ìgbà kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìsopọ̀ ojú rẹ̀ á dúró, pé tí omi díẹ̀ bá dà sí kíbọ́ọ̀dù kò ní tètè bàjẹ́, pé ẹ óò rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà fún ọdún mélòó kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń fi wàráńtì ọdún mẹ́ta tì í. Wọ́n á tún kọ ọ́ sára páálí pé ó yege ìdánwò àwọn ológun, MIL-STD-810.

Ìdánwò ológun yìí, ẹ jẹ́ n dúró lé e lórí díẹ̀, torí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ẹ̀ka ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogun ló ṣe ìwé náà, ọdún 1962 ni àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ọ̀nà tí èèyàn lè gbà dán ohun èlò wò: nínú ooru, nínú òtútù, nínú eruku, nípa gbígbọ̀n, nípa jíjábọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ló máa yan èyí tó bá fẹ́ nínú àwọn ìdánwò náà. Kò sí ọ́fíìsì ológun kankan tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń tà fún gbogbo ènìyàn. Èyí tó sì ṣe pàtàkì jù ni pé ìwọ̀nba àpẹẹrẹ díẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìdánwò náà. Ìdánwò yẹn á sọ fún yín pé ẹni tó ya àwòrán ẹ̀rọ náà mọ iṣẹ́. Kò lè sọ ohunkóhun fún yín nípa èyí tó wà lọ́wọ́ yín, èyí tó jáde ní ilé iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìdánwò.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi orúkọ wọn sára láptọ́ọ̀pù ni kò sì fi ọwọ́ ara wọn tò ó pọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ Taiwan bíi Quanta, Compal àti Wistron ló máa ń bá wọn ṣe é, ibi tí wọ́n sì ti ń ṣe é jù ni Ṣáínà. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jáde lọ́pọ̀ yanturu báyìí, kò sẹ́ni tó lè tú ọ̀kọ̀ọ̀kan palẹ̀ wò. Wọ́n á tan ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á dán ojú rẹ̀ àti kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wò. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣa díẹ̀ yẹ̀ wò fínnífínní. Bí àbùkù inú àwọn tí wọ́n ṣà kò bá kọjá iye tí wọ́n ti fọwọ́ sí, gbogbo ọ̀wọ́ náà á kọjá. Ẹ gbọ́ mi yé o: wọ́n ti fọwọ́ sí i pé àbùkù díẹ̀ á kọjá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é káríayé nìyẹn, àwọn tó lóye iṣẹ́ náà kì í sì í fi pa mọ́. Àwa tó ń rà á ni kò mọ̀.

Ní ọdún 2009, SquareTrade, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ta wàráńtì, yẹ àkọsílẹ̀ láptọ́ọ̀pù tó lé ní 30,000 wò, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò ní ìṣòro láàárín ọdún mẹ́ta. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyẹn kì í ṣe pé ó jábọ́ tàbí pé omi dà sí i. Ara ẹ̀rọ náà ló ti wá.

Àwọn àbùkù kan wà tí kò sí àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ tó lè rí wọn, torí wọn ò tíì wáyé ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ ń jáde. Èyí ló wá kan Nvidia, tó ń ṣe chip tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù Keje ọdún 2008, wọ́n jáde sọ pé àwọn yóò ya 150 sí 200 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, nítorí pé àwọn chip kan tí wọ́n ti tà fún àwọn tó ń ṣe láptọ́ọ̀pù ń kú. Ẹ fojú inú wo chip náà. Kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Lábẹ́ rẹ̀, òjé róbótó-róbótó tó kéré gan-an ló gbé e lé ibi tó jókòó sí, iná ń gba inú òjé yẹn kọjá. Bí ẹ bá tan láptọ́ọ̀pù, chip á gbóná, á fẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá pa á, á tutù, á sún kì. Ibi tó jókòó sí náà ń fẹ̀, ó ń sún kì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, àárín wọn ni òjé wà. Bí a bá ń tẹ wáyà síwá, tí a ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ojú ibi kan náà ló máa ṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni òjé náà ṣe ń là ní oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ ti lù ú ní òǹtẹ̀ pé ó yege. Lọ́jọ́ náà, ojú láptọ́ọ̀pù á kún fún ìlà-ìlà, tàbí kó ṣókùnkùn pátápátá.

Dell àti HP fi ètò tuntun ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà nígbà náà, èyí tó ń mú kí fáànù inú láptọ́ọ̀pù tètè máa yí. Ooru á dín kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òjé tó ti ń là kò ní padà sípò. Lójú tèmi, ọjọ́ ikú ni wọ́n sún síwájú, lọ́pọ̀ ìgbà sí ẹ̀yìn ìgbà tí wàráńtì á ti parí.

Latitude D630 wà nínú àwọn tí Dell kà sílẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí òwò kọ̀ǹpútà ní Ìkejà kò lè gbàgbé D630. Oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ní chip Nvidia, èkejì ń lo ti Intel. Ti Intel kò ní àìsàn yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí tábìlì, ìdérí kan náà, kíbọ́ọ̀dù kan náà, orúkọ kan náà. Àwọn àgbà ní ojú la fi ń mọ oúnjẹ tí yóò yóni. Ti láptọ́ọ̀pù kò rí bẹ́ẹ̀. Àfi kí ẹ wo inú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ohun tó tún mú un burú sí i ni pé bí ẹnjiníà bá fi ooru gbígbóná fẹ́ chip náà, ibi tó là lè tún fara kan ara wọn, láptọ́ọ̀pù á jí. Á ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, ìyẹn ni pé á pẹ́ tó kí ẹnì kan fi tà á fún ẹlòmíràn.

Bátìrì náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, Dell ní kí àwọn èèyàn dá bátìrì mílíọ̀nù 4.1 padà. Láàárín oṣù kan náà, Apple pe mílíọ̀nù 1.8 padà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Lenovo àti IBM pe 526,000 padà. Orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n Sony ló ṣe inú gbogbo bátìrì wọ̀nyẹn, ìrúnrún irin tó kó sínú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe wọ́n ló fà á. Ẹni tó sá kúrò lọ́dọ̀ Dell lọ sọ́dọ̀ Apple lọ́dún yẹn, ọ̀dọ̀ ẹni kan náà ló padà lọ ra bátìrì.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn nínú gbogbo èyí. Ilé iṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀, oníbàárà ló máa ń gbọ́ gbẹ̀yìn. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí Dell ń tà fún ọ́fíìsì nígbà kan, OptiPlex, fi èyí hàn. Láàárín ọdún 2003 sí 2005, wọ́n kó o fáwọn èèyàn pẹ̀lú àwọn ẹ̀yà kéékèèké kan lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀ tó ń wú, tó ń jo. Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ ní 2005 láti fi tún un ṣe. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ṣí ìwé ẹjọ́ kan síta ní 2010, ìgbà náà ni aráyé rí i pé wọ́n ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kan má sọ gbangba fún oníbàárà pé bọ́ọ̀dù ló ní àbùkù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Texas ní Austin fẹjọ́ sùn, àlàyé tí wọ́n gbọ́ ni pé ìṣirò tó le tí wọ́n ń gbé fún kọ̀ǹpútà ló ń dá a lágara. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Èèyàn san owó, ó lo ohun tó rà fún iṣẹ́ tó torí ẹ̀ rà á, wọ́n wá dá iṣẹ́ lẹ́bi.

Àwa náà ní irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Bí láptọ́ọ̀pù bá kú ní Nàìjíríà, NEPA ló pa á. Ẹnjiníà á tú u, á gbọ́ òórùn, á ní, “Iná ló jó o, ọ̀gá.” Iná wa ń ṣe ségesège lóòótọ́, jẹnẹrétọ̀ tí kò dára ń ba nǹkan jẹ́, ṣájà ayédèrú sì pọ̀ lọ́jà. N kò ní gbèjà iná ìjọba. Ṣùgbọ́n ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Bí ọ́fíìsì kan bá ra láptọ́ọ̀pù ogún, oríṣi kan náà, tí márùn-ún kú láàárín ọdún kan, tí ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ sì jẹ́ ibi tí gbogbo márààrún ti kú, nígbà tí àwọn oríṣi mìíràn tó wà lórí iná kan náà ń ṣiṣẹ́ lọ, ẹ fi NEPA sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ kọ ìwé sí. Àmọ́ ta ló ń kọ ọ́ sílẹ̀? Láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ẹnjiníà ọ̀tọ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan san owó tirẹ̀, kò sẹ́ni tó rí márààrún pa pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rí sí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, ìwé kan péré ti tó: nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù, ọjọ́ tí ẹ rà á, ọjọ́ tó ṣàìsàn, ibi tó ti ṣàìsàn.

Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí à ń lò kì í tilẹ̀ ṣe tuntun. Tòkunbọ̀ ni. Láptọ́ọ̀pù tí ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà lò fún ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, tí wọ́n wá pààrọ̀, ló máa ń wọ àpótí, tó máa ń dé Òpópónà Òtìgbà àti gbogbo Computer Village ní Ìkejà. N kò kẹ́gàn rẹ̀. EliteBook tòkunbọ̀ tó dára ń sin ẹni tó rà á ju tuntun olówó pọ́ọ́kú lọ, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá bi mí. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ìkìlọ̀ kì í bá ẹrù wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí HP kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2018 pé kí wọ́n dá bátìrì ProBook 640 G2 àti àwọn mìíràn padà torí iná, tí wọ́n tún fi kún iye rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2019, àwọn tí wọ́n lè kọ lẹ́tà sí ni àwọn tó kọ́kọ́ ra láptọ́ọ̀pù náà, tí orúkọ wọn wà ní ìwé. Ọ̀gá ọ́fíìsì ní Manchester á gba lẹ́tà. Ẹni tó rà á ní Òtìgbà lẹ́yìn ọwọ́ mẹ́ta kò lè gbà á. Irú ProBook yẹn kan náà sì ni wọ́n ń tà lójoojúmọ́.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó kó o wọlé ni mo ń wò. Ó ní gbogbo ẹrù náà lọ́wọ́ pa pọ̀ kí ó tó fọ́n ká. Ọmọ iṣẹ́ kan tó jókòó pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sán kan lè tẹ nọ́ńbà gbogbo wọn wò lójú òpó ẹni tó ṣe é, kí ó yọ àwọn tí wọ́n ti pè padà sọ́tọ̀. Òfin ọdún 2018 tó gbé FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Nàìjíríà, kalẹ̀ ti sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára tí kò léwu, àti pé ẹni tó bá ń ta ohun tí wọ́n tún ṣe gbọ́dọ̀ fi hàn gbangba pé wọ́n tún un ṣe. Mo fẹ́ kí àjọ náà bá àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà jókòó lórí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí, kí ó di ara ohun tí wọ́n ń ṣe kí ọjà tó délẹ̀.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á lọ́la ńkọ́? Ẹ dojú láptọ́ọ̀pù náà dé, ẹ wo ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà wà níbẹ̀. Ti Dell jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà méje, Service Tag ni wọ́n ń pè é. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá tan án, bó ṣe ń tàn ni kí ẹ máa tẹ F2 bó bá jẹ́ Dell, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad, F10 bó bá jẹ́ HP. Nọ́ńbà á tún hàn níbẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, wọ́n ti pààrọ̀ ìdérí ìdí rẹ̀ tàbí bọ́ọ̀dù inú rẹ̀, ẹ bèèrè ìdí. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ fi fóònù yín tẹ̀ ẹ́ sójú òpó ẹni tó ṣe é níbẹ̀, lójú ẹni tó ń tà á.

Ẹ tún wo bátìrì. Bó bá ń lo Windows, ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Command Prompt, ẹ tẹ powercfg, ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, ẹ tẹ slash, kí ẹ wá kọ batteryreport mọ́ ọn láìfi àyè sí i. Á gbé ìwé kan jáde. Ẹ wo design capacity, ìyẹn bó ṣe tó nígbà tó wà ní tuntun, ẹ sì wo full charge capacity, ìyẹn ohun tó kù. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí èkejì jẹ́ 20,000, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ló kù, ẹ fi bátìrì tuntun kún owó tí ẹ máa san.

Mo ti rí bátìrì tó wú lórí tábìlì ẹnjiníà kan. Ẹni tó ni láptọ́ọ̀pù náà rò pé ibi tí wọ́n ń fi ìka fọwọ́ rá ló bàjẹ́, torí kò tẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tú ìdí rẹ̀, bátìrì ti rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó ti ti ibi ìfọwọ́rá náà sókè láti ìsàlẹ̀ wá. Wọ́n ti ń ki iná bọ̀ ọ́ lálaalẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé tiyín lé tábìlì tó tẹ́jú báyìí. Bó bá ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, bí ìdérí rẹ̀ kò bá pa dé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, bí ibi ìfọwọ́rá bá ga sókè, ẹ yọ ṣájà, ẹ pa á, ẹ gbé e kúrò níbi aṣọ àti tìmùtìmù, kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú. Ẹ má gún bátìrì náà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sípò, ẹ má sì jù ú sí ààtàn níbi tí ọmọdé ti lè mú un. Nígbà tí wọ́n bá fi tuntun sí i, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà bátìrì àti nọ́ńbà láptọ́ọ̀pù náà sínú rìsíìtì, kí orúkọ ẹni tó tà á sì wà níbẹ̀.